Kò Tíì Jò

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé onísùúrù èèyàn ni Bàbá. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o. Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá, ló kọ ọ́, torí pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo òkú nìyẹn. Bàbá mi àgbà tí mo mọ̀, tí mo bá gbé inú ilé kan náà ní Iléṣà fún ọdún mẹ́sàn-án, kò ní sùúrù tó kún ṣíbí. Ohun tí wọ́n ní ni ìfura. Wọ́n ń fura sí ẹnu ohunkóhun tí èèyàn bá ti dé pa: ẹnu agolo, ẹnu ìgò, ẹnu ọ̀rá. Ti ọ̀rá ló burú jù. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti lọ, inú ṣì ń bí mi sí wọn, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ bá.

Wolé-wolé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Apá Ìbòkun ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ wọn, àwọn tó gbọ́njú mọ iṣẹ́ náà sì mọ̀ pé bí wolé-wolé bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú á máa wá ìdérí ìkòkò rẹ̀ kiri. Iṣẹ́ parí, Bàbá fẹ̀yìn tì, ojú wolé-wolé kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Ó kó wọlé bá wa. Kò sí píọ̀ wọ́tà kan tó wọ ilé wa tí wọn kò ní fún lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n dá ọ̀rá mílíìkì padà fún obìnrin tó ń tajà ní oríta wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni obìnrin náà bi mí bóyá bàbá mi àgbà kò níṣẹ́ ni. Inú bí mi débi pé mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rí gan-an, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bàbá ní, "Sọ fún un pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn."

Abọ́ tánganran funfun kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Abọ́ náà kì í ṣe tiwọn. Màmá, ìyàwó wọn, ló ni ín. Ìyá Màmá ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní Òṣogbo wá sílé ọkọ, ohun tí wọ́n sì fẹ́ máa fi abọ́ náà ṣe ni kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún àlejò pàtàkì. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò rí àlejò kan tó fojú kan abọ́ náà. Bàbá á bu omi sí i, wọ́n á lóṣòó tì í, wọ́n á ri ọ̀rá bọ inú omi, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á wá máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rú jáde pìkì, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀rá náà ti kú nìyẹn. Òṣómàáló ni bàbá tó bí wọn, ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó títí onítọ̀hún yóò fi jáde, nítorí náà ìlóṣòó kò ṣòro fún wọn. Màmá jà títí lórí abọ́ yìí. Wọ́n gbé e pa mọ́ sínú àpótí, Bàbá wá a rí. Wọ́n ra òmíràn aláwọ̀ ewé fún Bàbá, Bàbá ní àwọn kò lè rí èémí ọ̀rá nínú abọ́ aláwọ̀ ewé. Nígbà tí Màmá ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún pásítọ̀, Bàbá ní, "Tí pásítọ̀ bá dé, kó mú ọ̀rá búrẹ́dì ilé rẹ̀ dání, kí n rì í wò."

Ẹ lè máa rò pé àpárá ni. Kì í ṣe àpárá fún èmi, torí pé ọ̀rá ni mo ń jẹ. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, tí mo wáṣẹ́ títí tí n kò rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìpékeré nínú ọgbà ilé wa. Mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá, síílà ni gbogbo wa ń pè é, mo sì ń kó ìpékeré kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù Iléṣà. Kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá wá ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n kàn gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ síílà mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi gège pupa sápò, wọ́n jókòó.

Kí n sọ òtítọ́, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn ló fi hàn mí pé èérún ìpékeré bíńtín tó bá há sẹ́nu ọ̀rá kò ní jẹ́ kó lẹ̀. Àwọn ló fi hàn mí pé òróró ọwọ́ mi ń ta sí ẹnu ọ̀rá kí n tó kì í bọ síílà. Bí iná kò bá lágbára, síílà kò ní gbóná tó, ọ̀rá á dà bí èyí tó lẹ̀, kò sì ní lẹ̀. Bí iná bá sì wá pọ̀ jù, ọ̀rá á jó, ẹnu rẹ̀ á máa ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo èyí wúlò. Ohun tí n kò lè fara dà ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Màá lẹ ogójì ọ̀rá tó dáa, wọn kò ní sọ nǹkan kan. Ìkọkànlélógójì á ya díẹ̀, wọ́n á fi gège pupa fa àmì sí i, wọ́n á gbé e sókè sójú oòrùn, wọ́n á ní, "Àjíkẹ́, ta ni o fẹ́ kó jẹ èyí?"

Abọ́ omi nìkan sì kọ́. Bàbá ní ọ̀rá mìíràn wà tí kì í jò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń mọ́ra nínú omi, ó wá di ọ̀túnla kó tó máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìpékeré inú rẹ̀ á rọ̀. Láti mú irú èyí, Bàbá ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ mẹ́ta. Láràárọ̀ tí a bá fẹ́ kó ọjà jáde, wọ́n á fa ọ̀rá mẹ́ta yọ láìwo ojú wọn, a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àga, a ó gbé pákó lé e, Bàbá, Màmá, àti èmi á wá rọra jókòó lé e fún gbogbo àsìkò àdúrà àárọ̀. Ẹ ò mọ àdúrà ilé wa. Orin méjì, ẹsẹ Bíbélì, ẹ̀bẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ẹ̀bẹ̀ fún ìjọba, ẹ̀bẹ̀ fún àwọn ará Ìbòkun tí Bàbá ti dá ìkòkò ọbẹ̀ wọn nù nígbà iṣẹ́. Bí a bá ṣe àmín tí ọ̀rá ṣì le, ọjà lè jáde. Mo bẹ Bàbá pé kí a máa fi òkúta lé e, kí èmi lè ráyè dín ìpékeré. Wọ́n ní òkúta kò ní mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n wí, "ìdí lèmi fi ń ṣọ́ ọ̀rá."

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì yọrí, ẹ má retí oríyìn. Ní gbogbo ọdún tí a fi ṣe é, n kò gbọ́ kí Bàbá sọ pé ó dáa. Wọ́n á yọ ọ̀rá kúrò lábẹ́ pákó, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á gbé e sétí bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò, wọ́n á wá nà án sí mi. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ṣòro fún wọn láti yìn mí ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún sọ, èyí tí wọ́n máa ń sọ: "Kò tíì jò."

Ọ̀rọ̀ Alhájà ló wá bà wá jẹ́. Alhájà yìí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Alékúwodò ní Òṣogbo, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń yà sí tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì wọn ní Àbẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá gbà pé kí n kó igba ọ̀rá wá, bí ó bá sì tà, àwọn á fún mi ní àyè kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn kò sì ní gba ìpékeré ẹlòmíràn mọ́. Àyè yẹn ni mo ń wá. Tí mo bá rí i, mo lè kúrò ní ẹni tó ń gbé igbá kiri, mo lè di ẹni tí wọ́n ń wá wá sílé. A dín, a lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ tí awakọ̀ Alhájà ń bọ̀, Bàbá fa ọ̀rá mẹ́ta yọ bí ìṣe wọn, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Orin kejì la wà tí mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ mi. Kò bẹ́. Ó kàn ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń rọra tú èémí. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo sì mọ pé awakọ̀ ti kúrò ní Òṣogbo. Nígbà tí a dé ibi ẹ̀bẹ̀, Bàbá dijú, Màmá dijú, wọ́n ń gbàdúrà fún èmi gan-an, fún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, níbi tí a to páálí ọjà sí, mo fa ọ̀rá mìíràn yọ, mo kì í sábẹ́ pákó, mo sì ti èyí tó jò bọ abẹ́ àga. Mo bá wọn ṣe àmín, ohùn mi tiẹ̀ ròkè ju tiwọn lọ.

Bàbá tẹ ti Màmá, ó le. Wọ́n tẹ tiwọn, ó le. Wọ́n gba tèmi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó le. Nígbà náà ni wọ́n wá yí i, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń fi gège pupa fa àmì bíńtín sí ìdí ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó jókòó. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò ní àmì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ èyí tó ní àmì jáde lábẹ́ àga mi, ó ti rọ̀ bí aṣọ. Mo ń retí kí wọ́n jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn lọ mú àlùmọ́gàjí tí Màmá fi ń gé aṣọ wá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ọ̀rá náà lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀bẹ̀. Màmá bẹ̀bẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọkọ wọn láàárín ilé, ohun tí n kò rí rí. Awakọ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àgbàlagbà tó ń gé ọ̀rá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, mo pariwo pé kí ni mo ṣe fún wọn gan-an. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà nígbà tí ojú wa pàdé. Bàbá kò pè mí ní òpùrọ́, wọn kò sì fìgbà kan pè mí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ọ̀rá ò mọ irọ́ ọ́ pa."

Alhájà kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n kàn sọ lórí fóònù pé kò burú, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìpékeré ẹlòmíràn ti wà ní àyè tèmi.

Kí ẹ wá gbọ́ èyí. Màmá ti yọ ogún ọ̀rá pa mọ́ kí àlùmọ́gàjí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, a já wọn wò. Ogún ọ̀rá, kò sí ọ̀kan tó rọ̀, gbogbo rẹ̀ ń dún gbàù lẹ́nu. Mo gbé e lọ bá Bàbá, mo dà á sórí tábìlì iwájú wọn, mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n gé ọjà mi sí. Wọ́n jẹ ẹyọ kan. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n wá ní, "Ẹni tí ọ̀kan tó jò bá bọ́ sí lọ́wọ́, ọ̀kan yẹn ni gbogbo rẹ̀ lójú tirẹ̀." Mo kó ẹrù mi, mo lọ gbé Òṣogbo, mo gba yàrá kan àti ọgbà kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni a kò fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, mo jáde, mo rí Bàbá. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Iléṣà, wọ́n sì gbé abọ́ tánganran lórí ẹsẹ̀ wọn láti ulé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń sọ ọ́, títí dé Òṣogbo. Mo rò pé wọ́n wá bẹ̀ mí ni. Wọ́n kí mi, wọ́n mu omi lẹ́yìn tí wọ́n ti fún píọ̀ wọ́tà náà lọ́rùn, wọ́n bu omi sí abọ́, wọ́n sì ní kí n mú ọ̀rá wá. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi lóṣòó. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ Màmá padà, èmi náà ní abọ́ ńlá. Wọ́n fojú wá a, wọ́n rí i nídìí ògiri, abọ́ rọ́bà aláwọ̀ aró. Wọ́n mi orí. "Abọ́ rẹ ò funfun tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ti Màmá sílẹ̀ fún mi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí nìyẹn, bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀. N kò mọ̀ títí di òní, wọn kò sì dúró kí n bi wọ́n. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá fóònù pé kí n máa bọ̀, mo sì gbé abọ́ náà dání lọ sí Iléṣà.

Àǹtí Dúpẹ́ ló ṣètò ohun tí a máa pín fún àwọn tó bá wá síbi ìsìnkú. Wọ́n ní kí a fi ìpékeré ṣe é, torí Bàbá fẹ́ràn ìpékeré, ọ̀rọ̀ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má ṣe wàhálà, kí n sinmi, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹnìkan tí wọ́n mọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú ni wọ́n kó o dé, páálí mẹ́fà, àwòrán Bàbá lójú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, fìlà lórí, ojú wolé-wolé wọn ń wò mí. Àtàǹpàkò mi ti tẹ ọ̀kan kí n tó mọ̀. Ó rọ̀. Mo tẹ òmíràn, ó rọ̀ díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé èmi kọ́ ni Bàbá. Mo sọ pé òkú là ń sin, kì í ṣe ọjà là ń tà. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ gbera.

Àǹtí Dúpẹ́ rí ojú mi. Wọ́n ní kí n má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé ta ni yóò mọ̀, pé àwọn èèyàn á jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó délé. Mo ní ìdá mélòó ló jò. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, jọ̀ọ́, ẹkún là ń sun nínú ilé yìí."

Mo ní, "Bí a bá ń sunkún, ṣebí à á máa ríran, Àǹtí."

Màmá dìde lórí ẹní tí wọ́n jókòó sí, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé abọ́ tánganran jáde. Omi ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n padà sórí ẹní wọn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jà lórí abọ́ yẹn! Mo lóṣòó. Nínú ọ̀rá mẹ́wàá tí mo rì, mẹ́rin ń ta pìkì. Ẹni tó ṣe é ti lẹ̀ ẹ́ lórí iná tí kò lágbára, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Inú bí mi bí mo ṣe ń gé gbogbo ọ̀rá inú páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́nu. Inú bí mi sí Bàbá ju ti ìgbàkígbà lọ, torí wọ́n ti sọ mí di ara wọn, wọ́n sì ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ níbi tí mi ò ti lè bá wọn jà. Òkè fìlà inú àwòrán ni àlùmọ́gàjí ń gbà kọjá. Àǹtí Dúpẹ́ ń sunkún, wọ́n ní mo ti dójú ti ìdílé. A fi abọ́ gbé ìpékeré náà fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan lọ sílé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo tún lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo gé wọn. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo dúró kí iná gbóná dáadáa, mo tẹ síílà. Mo kó o pẹ̀lú pákó Bàbá sínú báàgì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì jókòó lé e láàárín Màmá àti Àǹtí Dúpẹ́. Ìwàásù gùn. Orin gùn. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní onísùúrù ni, èmi sì ń ṣọ́ abẹ́ mi. Ó dúró.

Lẹ́yìn tí a ti da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, mo yọ ọ́ jáde. Ó le gbandi. Ara mi ti yí sí ọ̀tún láti nà án sí Bàbá kí n tó rántí. Kò sí ẹni tí mo lè fi hàn. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, èmi tí n kò sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí.

Màmá gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo ojú ọkọ wọn tó wà lára rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì gbé e sétí, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá nà án padà sí mi.

"Kò tíì jò," ni wọ́n wí.